Mọ́tò tòkunbọ̀ kọ omi tòkunbọ̀ ní Bàrígà

Ẹni tó bá rí bí Alhaji kan ṣe ń fò sókè, tó ń fò sílẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, yóò rò pé wọ́n jí owó nínú ọkọ̀ ẹ̀ ni. Wọn ò jí kọ́bọ̀. Wọn ò ha ọkọ̀ náà lára, wọn ò sì fọ́ gíláàsì ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá náà ti múra òde, agbádá funfun báláú, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń lọ ní Gbágada, ló bá yà sẹ́yìn ilé láti lọ tọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé páìpù tí wọ́n fi ń wọ́n omi sí mọ́tò òun kò ti inú táǹkì tó wà lórí òpó wá rárá. Inú kòtò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ló ti ń fa omi, inú kòtò yẹn kan náà sì ni omi tí wọ́n fi fọ kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta láàárọ̀ ṣàn lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, omi ìdọ̀tí! Omi tí ẹ fi fọ ẹrẹ̀ abẹ́ Márúwá lẹ tún fi ń fọ mọ́tò tí mò ń gbé lọ òde? Ṣé o fẹ́ kí ọkọ̀ mi máa rùn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi ni?"

Ọ̀gá tó ni ibẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà tó sọ̀rọ̀ tán. "Alhaji, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Táyà àti abẹ́ ọkọ̀ la fi ń fọ̀. Tó bá di ká ṣan gbogbo ara ẹ̀, omi táǹkì la ń lò." Àlàyé wo? Alhaji ní òun ò san kọ́bọ̀. Èrò ti pé, àwọn ọlọ́kadà ti páàkì, olúkúlùkù ń dá sí i. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló wá gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Alhaji, ẹ dákun, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ yìí, ṣebí tòkunbọ̀ ni? Òyìnbó ti fi ìdí jókòó sínú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó tó kàn yín. Ẹ ò bínú sí ìdí òyìnbó, omi lẹ wá ń bínú sí!"

Ẹ̀rín ló bá gba ibẹ̀ kan. Alhaji fúnra ẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kàn gbé e mì ni. Ó san ìdajì owó, ó já ilẹ̀kùn mọ́tò dé gbàgà, ó lọ.

Ìyá alákàrà fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ta ni ò mọ̀ pé ará Èkó fẹ́ràn àlòkù? Mọ́tò, tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi pààrọ̀ èyí tó kú, Ládípọ̀ ni wọ́n ti rà á, tòkunbọ̀ náà ni. Fíríìjì ilé, tòkunbọ̀. Ṣòkòtò jíǹsì tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń yan kiri Ládi-Lák, Kàtàǹgúwà ló ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kódà mọṣíìnì Kord tí wọ́n fi ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti pósítà olóṣèlú ní Ṣómólú, òyìnbó ti lò ó gbó kó tó dé òpópónà Shipeolu. Kò sí èyí tó ń dójú ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àfi omi. Omi nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun!

Nílé ńkọ́? Nínú àwọn ilé fésì-mí-àì-fésì-yú tó kún Bàrígà, obìnrin wo ló ń da omi tó fi ṣan aṣọ nù? Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e kalẹ̀ sí, òun ni wọn yóò fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni wọn yóò fi fọ kọ́rídọ̀. Wọn kì í pe ìyẹn ní ìdọ̀tí, ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ẹni kan náà, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó bá fẹ́ dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Kò sí kọ́sítọ́mà nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù, ojú kọ́sítọ́mà ni ọjà.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn oníṣòwò Ṣómólú àti Bàrígà kì í tilẹ̀ ronú kan omi. Omi ẹ̀rọ ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ṣí iléeṣẹ́ omi Adìyán lọ́dún 1991, tí wọ́n ní yóò máa mú mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù jáde lójúmọ́, èrò Èkó sì ti sáré kọjá ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí olúkúlùkù ṣe gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ tiẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kò sì lówó ẹ̀ ń ra ti mẹ́ruwà ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ kì í mú ìwé owó wá lóṣooṣù. Ará Èkó ò sì fẹ́ràn ìwé owó omi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọdún 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sì ń bá ìjọba òyìnbó fà ni owó omi Ijù tí wọ́n fẹ́ gbé lé àwọn èèyàn lórí. Ìjà náà le débi pé ó di rògbòdìyàn lọ́dún 1916. Ẹni tó ní kànga lẹ́yìnkùlé, kí ló fẹ́ fi omi olówó ṣe?

Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni epo. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà tó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó N200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti sáré dé nǹkan bí N500. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá N1,000 ní Èkó. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò gbówó lórí o, jẹnẹrétọ̀ tó ń fà á jáde ló gbówó lórí. Ìgbà yẹn làwọn oníkáwọ́ọ̀ṣì tí kò lówó sólà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo gọ́tà. Omi tí wọ́n fi epo olówó iyebíye fà jáde láàárọ̀ ló ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sínú ọ̀sà yẹn! Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, epo ò tíì wọ́n.

Àwọn kan ti kọ́ omi láti bojú wẹ̀yìn níbòmíì, láìsí pé epo lé wọn débẹ̀. Ní Durban, ní orílẹ̀-èdè South Africa, ọdún 2001 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ kan tó ń gba omi ìdọ̀tí ìlú, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń pa kòkòrò inú ẹ̀, tó sì ń tà á fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe mílíọ̀nù 47.5 lítà lójúmọ́. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ni Mondi tó ń ṣe pépà, àti Sapref tó ń fọ epo rọ̀bì, kí Sapref tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́dún 2022. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó ń ṣe pépà funfun ò lè gba omi tó láwọ̀, pépà á yọ àbàwọ́n ni. Síbẹ̀ Mondi gbà á. Ìdí tó fi gbà á ni pé mítà ló ń ka gbogbo omi tí wọ́n ń lò, omi àtúnṣe yẹn sì dínwó ju omi ẹ̀rọ lọ. Ẹni tí wọ́n ń kà á fún ló ń ṣọ́ ọ lò. Ní Bàrígà, kò sẹ́ni tó ń kà á, epo inú jẹnẹrétọ̀ ni mítà wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan pépà, Ṣómólú ló kàn. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ò fẹ́ gbọ́ omi àlòkù sétí rárá, ká má parọ́, wọ́n sì ní ìdí tó dáa. Ìjà àárín omi àti yíǹkì ni wọ́n ń jẹ. Yíǹkì lọ́ràá, omi ò sì fẹ́ ọ̀rá, ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́tà dúró síbi tó yẹ kí ibi tó kù sì funfun nìyẹn. Alárinà tó máa ń bá omi àti ọ̀rá parí ìjà ni ọṣẹ. Tí omi ọṣẹ bá fi lè wọ inú mọṣíìnì, àwọn méjèèjì á dì mọ́ ara wọn, pósítà olóṣèlú á sì jáde bí ẹni tí wọ́n fi èédú pa lójú. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ fún ẹni tó ń du ipò? Tí omi bá tún ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀ jù, ohun funfun á máa lẹ̀ mọ́ rólà. Nítorí náà, ọ̀gá onítẹ̀wé tó bá ní àfi omi tó mọ́ nìkan nídìí mọṣíìnì òun, ó tọ̀nà. Ibi tí kò ti tọ̀nà ni pé omi tó mọ́ yẹn kan náà ló tún ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló fi ń fọ ilẹ̀, òun náà ló fi ń wọ́n eruku ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ èyí tí kò yẹ kó tún lò rárá, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ pléètì, tí kẹ́míkà kún inú ẹ̀, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ní tiwọn, òdìkejì ni wọ́n. Lójú wọn, omi ṣáà ni omi. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì, tó bá ti sílẹ̀, kò burú tí wọ́n bá fi po òmíràn. Àmọ́ ọṣẹ ń kó afẹ́fẹ́ sínú búlọ́ọ̀kù, ṣúgà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì le bó ṣe yẹ, omi oníyọ̀ tí wọ́n bá bù nínú ọ̀sà sì ń mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà. Ní Èkó tí ilé ń wó yìí! Ẹni tí kò béèrè ibi tí wọ́n ti pọn omi búlọ́ọ̀kù ẹ̀, kó má bínú tí ògiri bá sán.

Ti àwọn alágbàfọ̀ ló wá ní ẹ̀sìn nínú. Alágbàfọ̀ kan wà lápá ọ̀nà Bajulaiye tó jẹ́ pé omi tó fi ṣan aṣọ kẹ́yìn lónìí ló fi ń rẹ aṣọ tó dọ̀tí jù lọ́la. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, omi tuntun náà ló máa fi ṣan án gbẹ̀yìn. Ó kàn jẹ́ pé kò jẹ́ sọ ọ́ jáde lójú àwọn kọ́sítọ́mà tó ń gbé jàlàbíà Jímọ̀ wá. Ó ní ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi òun ni pé, "Ìyàwó, ṣé aṣọ yìí ṣì mọ́ tó láti fi kírun?" Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ti oníwàhálà. Àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi Arabia jókòó lé irú ẹ̀ lórí lọ́dún 1978. Wọ́n fẹnu kò pé omi ìdọ̀tí tí wọ́n bá ti tún ṣe débi pé kò sí àmì ẹ̀gbin mọ́ nínú àwọ̀ ẹ̀, òórùn ẹ̀ àti adùn ẹ̀, ó ti padà di mímọ́, wọ́n lè fi ṣe àlùwàlá pàápàá. Mímu ẹ̀ ni wọ́n ní ó sàn kí èèyàn yẹra fún, nítorí ìlera. Omi tó ti ilé ìtúnṣe ńlá jáde ni wọ́n ń sọ o, wọn ò sọ ti kòtò ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ ìyàwó alágbàfọ̀ tó bá mọ èyí ní ohun tó lè bá Alhaji sọ, dípò kó máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pa mọ́.

Ẹni tó ń fi tiẹ̀ ṣòfò jù ni onípíọ̀ wọ́tà. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ RO mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ti omi tó dáa jáde lápá kan, bẹ́ẹ̀ ló ń ti omi tó ru iyọ̀ àti èròjà jáde lápá kejì, ìyẹn sì ń lọ sí gọ́tà. Omi yẹn ò ní ọṣẹ, kò ní epo, ó tó fọ ilẹ̀, ó tó da ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tó fọ táyà. Oníkáwọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń sun epo lójoojúmọ́ láti fa omi tí kò sàn ju èyí tó ń dà nù lọ. Kí ló dé tí kò fún un tàbí kó tà á fún un? Ó ń bẹ̀rù ẹnu àdúgbò ni. Tí wọ́n bá rí i tí dúrọ́ọ̀mù omi àjẹkù ń jáde níbẹ̀, wọ́n á ní òun ló ń rọ sínú ọ̀rá tó ń tà, NAFDAC á sì ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbẹ̀rù yẹn ò ṣeé dá lẹ́bi. Èèyàn kan ṣoṣo tó bá pariwo, òwò tán.

Ó yẹ kí èèyàn sọ ibi tí ewu wà gan-an, torí ibi tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ni. Ara ọkọ̀ ò lè kó àrùn. Àwọn ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ ló lè kó o. Ẹ lọ wò wọ́n lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú: páìpù tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ni wọ́n fi ń bójú, òun ni wọ́n ń gbé sẹ́nu mu. Ọjọ́ tí páìpù kòtò àti páìpù táǹkì bá ti jọ ara wọn, ọjọ́ náà ni wàhálà dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, tó gba ẹ̀mí èèyàn, omi àti oúnjẹ tí ẹ̀gbin ti kàn ló gbé e kiri. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kun páìpù omi àtúnlò ní àwọ̀ àlùkò, kí ọmọdé tí kò mọ̀wé pàápàá má baà ṣì í mu. Kí ni ọ̀dà àlùkò gálọ́ọ̀nù kan tó ní Ṣómólú?

Kòtò pàápàá lọ́gbọ́n nínú. Kòtò kan ṣoṣo, irú èyí tí Alhaji rí, kò tó. Mẹ́ta ló yẹ kó tẹ̀ lé ara wọn. Nínú èkíní, yanrìn á sílẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì á léfòó, páìpù tó bá sì tẹ̀ wálẹ̀ ló ń mú omi àárín lọ sínú èkejì, kó má baà gbé epo òkè tàbí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ìkẹta ni wọ́n ń kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí láti sẹ́ ẹ. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, torí kòkòrò tó ń jẹ ọṣẹ inú ẹ̀ ló ń mú un rùn. Epo tí wọ́n bá bù kúrò lókè, kò gbọ́dọ̀ dé gọ́tà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí omi ìdọ̀tí, LSWMO, kì í fi ìyẹn ṣeré. Ìyá alákàrà ti sọ tiẹ̀ ní kedere: páìpù yòówù kó jẹ́, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ agbada òun.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá kù, orúkọ sì ni gbogbo ìjà náà. Síńgápọ̀ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn wọn gba omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti tún ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní NEWater, omi tuntun! Wọn ò fi pa mọ́ sẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2002, níbi ayẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn, Goh Chok Tong tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gbé e sókè, ó mu ún ní gbangba, àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì mu tiwọn pẹ̀lú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù gbé e lọ fún àwọn iléeṣẹ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sì wà lára àwọn tó ń lò ó jù. Tí ọ̀gá Ìlàjẹ bá ti fi kòtò ẹ̀ han Alhaji kó tó kan mọ́tò, ariwo yẹn lè má sọ. Àlàyé tó ṣe lórí ìdọ̀bálẹ̀, òótọ́ ni, ó kàn pẹ́ jù ni. Ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́, òótọ́ ẹ̀ náà ń jọ irọ́.

Ó gbọ́gbọ́n lẹ́yìn ìjà ọ̀hún ṣá. Ó ti pín kòtò náà sí mẹ́ta, ó ra páìpù ọ̀tọ̀, ó sì lọ sí Ṣómólú lọ ṣe pátákó.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fẹ́ ká kọ sí i?" Ọmọ tó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ ló ń béèrè.

"Kọ ọ́ pé à ń tún omi lò."

"Ṣé kí n kọ 'omi ìdọ̀tí'?"

"Ṣé o fẹ́ lé mi kúrò ládùúgbò ni?"

"'Omi àlòkù' ńkọ́?"

"Kò dùn létí."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ ní tòkunbọ̀. Ṣebí gbogbo wọn ló ń wa tòkunbọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà pupa lórí funfun: OMI TÒKUNBỌ̀ FÚN TÁYÀ, OMI TUNTUN FÚN ARA ỌKỌ̀. Ó sanwó, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó gbé e délé. Pátákó náà ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ ẹ̀, ó dojú kọ ògiri. Ó ní òun á gbé e kọ́ tí kọ́sítọ́mà bá fà díẹ̀.

Alhaji ò sì lọ síbòmíì. Ó ń bọ̀ ní Sátidé Sátidé. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kì í jókòó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń ká agbádá ẹ̀ léjìká ni, á lọ dúró sídìí táǹkì, ojú ẹ̀ ò sì ní kúrò lára páìpù títí wọ́n á fi ṣan ọkọ̀ tán.